Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, báwo ló ṣe máa dá sí ìpinnu ilé-ìwé?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí a bá fẹ́ gbọ́ èrò irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí oúnjẹ ọ̀sán, àwòrán mẹ́ta la ń tẹ́ sórí tábìlì: “mo fẹ́”, “n kò fẹ́”, “kò yé mi”. Ìkẹta yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Láìsí i, ọmọ á kàn tọ́ka sí èyíkéyìí. A ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí a tó tún béèrè, a sì ń pààrọ̀ ipò àwòrán, torí àwọn kan kì í yan ju ti apá ọ̀tún lọ.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé yà ní àwòrán ló ń da ọ̀nà yìí rú, bí òfin ìjìyà. Àwòrán wo lẹ ń lò fún un? Ta ló sì yẹ kó jókòó ti ọmọ, tí kò ní máa fi ojú darí rẹ̀?