Ológbò kan ti sọ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì wa di ilé, ta la máa pè?

Ìyá Dára (Thamesmead)
Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ológbò kan báyìí, aláwọ̀ eérú, àyà ẹ̀ funfun, ló ti sọ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì wa di ilé láti ìgbà tí òtútù ti wọlé. Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ti ń bọ́ ọ, àfìgbà tí mo rí agolo sadín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dádì wọn ní ológbò kankan ò ní wọ ilé òun, màmá mi n'Ìbàdàn náà ti fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ pé kí n lé e kó tó di ọ̀gànjọ́ òru. Ṣùgbọ́n ó ti rù, irun ẹ̀yìn ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ṣe mí láàánú. Ṣé káńsù ni mo máa pè ni àbí kí n kàn gbé e wọlé kí n lọ ra oúnjẹ ẹ̀?

Bọ̀dá Lékan (Leeds)
Ìyá Dára, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe foster (ká gba ẹranko sílé fúngbà díẹ̀) fún ṣárítì kan níbí, ajá àti ológbò, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ẹ má tíì gbé e wọlé. Kì í ṣe torí àjẹ́ o, òfin ni. Pet Abduction Act ti ń ṣiṣẹ́ ní England láti oṣù kẹjọ 2024, ẹni tó bá gbé ológbò ẹlòmíràn láìnídìí lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún he. Ẹni tó ń ran ẹranko lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá, àmọ́ ológbò ibí yìí máa ń rìn káàkiri ni, òmíràn wà tó ń jẹun nílé mẹ́ta lójúmọ́, onílé kọ̀ọ̀kan á sì máa rò pé tòun nìkan ni. Ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ní ẹni tó ń wá a.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó kọ ọ́ sí i pé ṣé ológbò yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe nọ́ḿbà báyìí, a ó wá fi sélótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, kó má fún un pinpin, bébà lásán ni tó bá há sí igi á já fúnra ẹ̀. Tó bá ní ilé, onílé á pè yín. Tí bébà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí ẹnì kankan ò pè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ vet (dókítà ẹranko) èyíkéyìí tó sún mọ́ yín kí wọ́n yẹ microchip ẹ̀ wò, wọn kì í gbowó fún ìyẹn. Chip náà ò ju hóró ìrẹsì lọ, àárín èjìká méjèèjì ni wọ́n ń fi í sí lábẹ́ awọ. Láti 10 June 2024 ó ti di dandan ní England kí gbogbo ológbò onílé ní i kó tó pé ọ̀sẹ̀ ogún, ẹni tó bá kọ̀ lè san fáìnì tó tó £500. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń kó kúrò nílé wọn ò sì ní yí nọ́ḿbà fóònù tó wà lórí rẹ́jísítà padà, ẹ ó wá pe nọ́ḿbà títí.

Ní ti káńsù, ajá ni wọ́n máa ń mú, ológbò ò sí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ pe Cats Protection (wọ́n ti wà láti 1927, iṣẹ́ ológbò nìkan ni tiwọn) tàbí Battersea (ilé ìtọ́jú ajá àti ológbò), tó bá wá fara pa kẹ́ ẹ pe RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko. Ní apá ọ̀dọ̀ yín, Celia Hammond Animal Trust náà wà ní Lewisham. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo wọn ló kún, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dúró de àyè.

Ìyá Dára (Thamesmead)
Ọlọ́run á san yín lóore bọ̀dá mi. Báwo la ṣe ń mú un gan-an? Tí mo bá ti yọjú báyìí á fò gun fẹ́ǹsì.

Bọ̀dá Lékan (Leeds)
Ẹ má fọwọ́ lásán mú un o. Eyín ológbò tẹ́ẹ́rẹ́ ni àmọ́ ó ń wọlé jìn, ojú ibẹ̀ máa ń wú, tó bá gé yín jẹ ẹ fọ̀ ọ́ lójú omi ẹ̀rọ kẹ́ ẹ pe 111 (nọ́ḿbà ìlera NHS). Ẹ yá àpótí tí wọ́n fi ń gbé ológbò, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sínú ẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ ológbò tó ní omi tó ń rùn dáadáa sí ẹnu ọ̀nà àpótí, lọ́jọ́ kejì ẹ sún oúnjẹ náà wọ inú díẹ̀, lọ́jọ́ kẹta ẹ gbé e dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Tó bá ti ń wọlé jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ rọra ti ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ bo àpótí, tí ò bá ti ríran síta ara ẹ̀ á balẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí ò tíì gbé pẹ̀lú èèyàn rí, ṣárítì á gbé pàkúté tiwọn wá, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, wọ́n á gé ṣóńṣó etí òsì ẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ológbò tí ṣóńṣó etí ẹ̀ ò sí, ẹ má rò pé ẹnì kan ló fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ má sì fún un ní mílíìkì. Èyí tí wọ́n ń fi hàn wá nínú kàtúùnù yẹn, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fún ọ̀pọ̀ wọn.

Àǹtí Ṣadé, vet nurse (Milton Keynes)
Kí n fi kún ọ̀rọ̀ oúnjẹ torí àwa gan-an ni mò ń bá wí. Ọbẹ̀ wa ò dáa fún ajá tàbí ológbò rárá, àlùbọ́sà inú ẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, yálà ẹ sè é tàbí ẹ dín in, àlùbọ́sà ni àlùbọ́sà. Egungun adìẹ tẹ́ ẹ ti sè náà, ó máa ń ya ṣóńṣó ṣóńṣó nínú ìfun. Ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, ṣíngọ́ọ̀mù tó ní xylitol (adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà), gbogbo ẹ̀ lè pa ajá. Ti ológbò, òdòdó lílì tí wọ́n ń gbé wá fún wa ní bọ́ọ́sìdeè yẹn, ó lè lá ìyẹ̀fun ẹ̀ lára irun ara ẹ̀ kí kíndìnrín ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Paracetamol sì rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìwọ̀n tí ológbò lè lò níbẹ̀, ìdá kan tábúlẹ́ẹ̀tì tó láti pa á. Ẹnì kan á kàn fẹ́ ṣàánú pé ó ń gbọ̀n.

Tó bá jẹ́ ọmọ ológbò lẹ́ ẹ rí lábẹ́ igbó, ẹ má sáré kó wọn. Ìyá wọn lè ti lọ wá oúnjẹ. Ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ máa wò, àyàfi tí ewu bá wà níbẹ̀ tàbí òjò ń pa wọ́n.

Kúnlé (Coventry)
Ajá ńkọ́? Mo rí Staffie kan ní páàkì lọ́jọ́ Sátidé, okùn ọrùn wà lọ́rùn ẹ̀ àmọ́ kò sí orúkọ lára ẹ̀, ó kàn ń tẹ̀lé mi títí dé ibi tí mo páàkì mọ́tò sí. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kọ́.

Bọ̀dá Lékan (Leeds)
Òótọ́ ni wọ́n sọ, láti 2008 ni ọ̀rọ̀ ajá tó sọnù ti kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, káńsù ló ni ín, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dog warden. Tẹ́ ẹ bá mọ olówó ẹ̀ ẹ dá a padà fún un, tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n dandan ni kẹ́ ẹ sọ fún káńsù, ẹ ò lè dákẹ́ kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sílé. Káńsù á tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ méje, tí olówó ẹ̀ ò bá yọjú wọ́n lè fún ṣárítì tàbí ẹlòmíràn, wọ́n sì lè pa á. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ gba orúkọ ilé tí wọ́n gbé e lọ, kẹ́ ẹ pè lọ́jọ́ keje. Tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn pé ẹ̀yin fẹ́ tọ́jú ẹ̀ fúnra yín, wọ́n lè gbà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà á sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 ó kéré tán.

Ajá tiẹ̀ ti ní òfin chip tiẹ̀ láti April 2016. Orúkọ àti àdírẹ́sì olówó ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lára okùn ọrùn ẹ̀ tó bá ti jáde síta, chip ò fi ìyẹn yẹ̀. Ẹ sì fojú sí irú ajá tó jẹ́. Tó bá jọ XL Bully, ẹ má fi ṣeré, láti 1 February 2024 kò bófin mu láti ní i ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ.

Alhaja Ramọ́tà (Manchester)
Salaam alaikum. Èmi ò lè gbé ajá sínú ilé torí ìrun mi, ẹ má bínú. Ológbò ni mo gbà ní ṣẹ́lítà, ológbò ò ba ìmọ́tótó ìrun jẹ́, ṣebí ológbò náà ni wọ́n fi sọ Abu Hurayra lórúkọ. Àgbàlagbà ológbò ni mo gbà o, dúdú bíríkítí. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ fún mi pé àwọn dúdú ló máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ àwọn torí wọn kì í yọ nínú fọ́tò. Mo dá a lóhùn pé, ìyá mi, nílé wa l'Ábẹ́òkúta, fọ́tò kọ́ ló máa dá dúdú dúró.

Kúnlé (Coventry)
😂😂 Alhaja! Ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbà á fún wa, èmi rò pé èèyàn kàn máa lọ síbẹ̀ lọ mú ni.

Alhaja Ramọ́tà (Manchester)
Ha, wọ́n bi mí ní ìbéèrè ju ti Home Office lọ. Ta ló wà nílé, ọmọ ọdún mélòó, ṣé mo ń ṣiṣẹ́ òru, ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tí mo bá lọ sí Nàìjíríà, ibo ni àwo ìyàgbẹ́ ẹ̀ máa wà. Fún ajá ọ̀rẹ́ mi wọ́n tiẹ̀ wá sílé, obìnrin náà rìn yí fẹ́ǹsì ká, ó fi ẹsẹ̀ ti pákó tó wà nísàlẹ̀ níbi tó ti ń mì, ó ní kí wọ́n kan án kóun tó padà wá. Owó tí wọ́n ń gbà wà o, àmọ́ nínú ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, chip àti iṣẹ́ abẹ wà, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣe wọ́n fúnra yín ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀dínwó ni.

Bọ̀dá Lékan (Leeds)
Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́. Àwa tí a wà ní care, tí a ń ṣe wákàtí méjìlá láàárọ̀, méjìlá lóru, ọmọ ajá ò yẹ wá. Ọ̀pọ̀ ṣárítì ò fẹ́ kí ajá dá wà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bẹ́ ẹ bá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ajá náà á tú yín fó, á jẹ káàpẹ́ẹ̀tì, á gbó títí aládùúgbò á fi pe káńsù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba ológbò tó ti dàgbà, tàbí kẹ́ ẹ ṣe foster. Foster yẹn ni àwọn èèyàn wa ò mọ̀ nípa ẹ̀, tó sì bá wa mu jù: ẹranko wà nílé yín fúngbà díẹ̀ títí wọ́n á fi rí ilé gidi fún un, ṣárítì ló sábà máa ń san owó oúnjẹ àti ti vet, tẹ́ ẹ bá ní ìrìnàjò wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ yín á kọ́ ìtọ́jú, dádì wọn náà á rí i pé kì í ṣe títí ayé.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra ọmọ ajá, látọdún 2020 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Lucy's Law ti ní kí alágbàtà má ta ọmọ ajá tàbí ọmọ ológbò tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́ ní England. Ọwọ́ ẹni tó bí i sílé gan-an ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ rí ìyá ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ní ká pàdé ní ibùdó epo, ká fi dìpọ́sítì ránṣẹ́ kó tó di pé a rí i, ẹ sá.

Bíọ́lá (Houston)
Ẹ̀yin ará London ń gbádùn. Mo fẹ́ kó Bingo wa wá láti Ìkòròdú, bàbá wa ti di àgbà kò lè tọ́jú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní CDC (àjọ tó ń rí sí àrùn ní Amẹ́ríkà) ti le.

Àǹtí Ṣadé, vet nurse (Milton Keynes)
Ó le. Láti 1 August 2024 ajá tó bá fẹ́ wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, kó ní chip, kẹ́ ẹ sì ti kún fọ́ọ̀mù CDC. Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bẹ̀rù àrùn dìgbòlugi ajá níbẹ̀, torí náà ajá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ilé ìtọ́jú tí CDC fọwọ́ sí kọjá, ẹ ní láti gba àyè níbẹ̀ ṣáájú, kì í sì í ṣe gbogbo pápákọ̀ òfuurufú ló ní in. Tí ò bá sí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti láàbù tí wọ́n mọ̀, ọjọ́ 28 ló máa fi wà ní àhámọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì san án.

Fún àwọn tó ń bọ̀ wá UK: chip ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i kẹ́ ẹ tó gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tẹ́ ẹ bá gún abẹ́rẹ́ ṣáájú chip wọn ò ní kà á. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 kẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù tí wọ́n fọwọ́ sí, oṣù mẹ́ta gbáko lẹ ó wá dúró, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀ náà, kó tó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Oògùn aràn náà wà fún ajá, láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Ìyá Dára (Thamesmead)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bébà náà wà lọ́rùn ẹ̀ títí, ẹnì kankan ò pè. Ó wọ àpótí lánàá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ vet, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka chip wá àárín èjìká ẹ̀ lọ wá a bọ̀, kò sí chip. Akọ ni, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ṣárítì ní àyè á wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n bi mí bóyá a lè ṣe foster ẹ̀ títí dìgbà yẹn. Ẹ ò ní gbàgbọ́, dádì wọn ló buwọ́ lùwé. Àmọ́ ilé ìrẹ́ǹtì là ń gbé, onílé ń kọ́?

Bọ̀dá Lékan (Leeds)
Ẹ kọ ọ́ sí onílé tàbí ẹ̀jẹ́ńtì nípasẹ̀ íméèlì, ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán. Lábẹ́ Renters' Rights Act 2025, láti 1 May 2026, ayálégbé ní England lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, onílé ò sì lè kọ̀ láìnídìí tó bọ́gbọ́n mu, ọjọ́ 28 ló ní láti fi dáhùn. Ẹ fi létà ṣárítì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sọ pé fúngbà díẹ̀ ni. Tó bá ní kẹ́ ẹ san dìpọ́sítì míì, ẹ rántí pé dìpọ́sítì ò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ ní England tí owó ilé yín lọ́dún ò bá tó £50,000.

Kúnlé (Coventry)
Káńsù ní olówó Staffie yẹn ò tíì yọjú, Friday ló máa pé ọjọ́ méje. Ẹni tó ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé tó ní fẹ́ǹsì ní apá Midlands, tí kì í ṣiṣẹ́ òru, ẹ fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí.