Aninilára yàtọ̀ sí apàṣẹwàá

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú dábàá pé kí a máa pe "tyranny" ní "ìjọba apàṣẹwàá", nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè fara mọ́ àbá yìí.

Èdè Gíríìkì ni "tyranny" ti wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó, "tyrannos" ni ẹni tí ó gorí oyè láìjẹ́ pé oyè náà kan ìdílé rẹ̀. Bí ó ṣe ṣe ìjọba náà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Peisistratos, tí ó fi agbára gba ìlú Áténì ní èyí tí ó lé ní 2,500 ọdún sẹ́yìn, a máa yá àwọn àgbẹ̀ tálákà lówó, àwọn Gíríìkì fúnra wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba rẹ̀ tutù. Ìwà ìkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ni, òun náà ni Gẹ̀ẹ́sì sì dì mú títí di òní.

"Apàṣẹwàá" bá "dictator" mu, ẹni tí àwọn ará Róòmù máa ń fún ní àṣẹ fún oṣù 6 péré nígbà ìṣòro, kí Julius Caesar tó sọ ọ́ di ti ayérayé ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi. Ní Kàbà níbí, àwọn olóyè mẹ́ta, Ọbaro, Ọbadòfin àti Ọbajẹmu, ni wọ́n jọ ń gbé ìlú ró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń dá pàṣẹ láìfọ̀rọ̀ lọ àwọn yòókù, apàṣẹwàá ni, kódà bí àṣẹ rẹ̀ bá ṣe ìlú láǹfààní.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe àwọn aṣojú Bídà, ìlú àwọn Núpé, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ àwọn baba wa, títí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897? Wọ́n ń ni ènìyàn lára ni. Láti ibẹ̀ ni a ti rí "aninilára", tí ó ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́, àti "ìninilára". "Ìjọba ìninilára" ni mo fara mọ́, nítorí "apàṣẹwàá" kò sọ ju ìṣe ẹni tí ó wà lórí oyè lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ kejì ní ara ẹni tí ẹrù ń wọ̀ nínú: àgbẹ̀ tí wọ́n ń yọ lẹ́nu lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, "Ìjọba yìí ń ni wá lára."