Lífítì tó ń gbé wheelchair sínú mọ́tò: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, báwo ló ṣe rí?

Ìyàwó Sójà
Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé. Wheelchair oníbátìrì ni ọkọ mi ń lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì, àwọn ọmọ ló máa ń bá mi gbé e sí mọ́tò tẹ́lẹ̀, kálukú ti wá gba ibi iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ó ku èmi nìkan, ẹ̀yìn mi sì ti ní òun ò ṣe mọ́. Lífítì la fẹ́ rà, àmọ́ bí mo ṣe ń wò wọ́n ni òòyì ń kọ́ mi, ọ̀kan á ní ẹ̀yìn mọ́tò níta lòun ń wà, ọ̀kan á ní inú búùtù, òmíì á tún ní tèèyàn tòun ti kẹ̀kẹ́ lòun ń gbé. Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹnu àwọn tó ń tà á ti dùn jù fún mi.

Àbígbẹ̀yìn Màmá
Ẹ̀gbọ́n mi, òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kẹ́ ẹ tó wá lífítì. Ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ màmá mi wá kọ kílò sí i lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ka bátìrì mọ́ ọn, ìgbà tá a wá gbé e sórí òṣùwọ̀n tòun ti bátìrì, tìmùtìmù àti báàgì tí wọ́n máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, háà. Scooter kékeré, ìyẹn kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún ẹni tí ìrìn ń nira fún, èyí tó ṣeé tú palẹ̀, lè má wúwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn wheelchair oníbátìrì ńláńlá lè kọjá 150 kílò láìsí èèyàn lórí ẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ tìta lẹ fẹ́, irin tí wọ́n fi ń fa tirélà lẹ́yìn mọ́tò ló máa gbé e dání, irin yẹn sì ní ìwọ̀n tiẹ̀, Class ni wọ́n ń pe ìpele tí wọ́n fi pín in bó ṣe lágbára tó. Class I, èyí tí ihò ẹ̀ jẹ́ 1.25 íǹṣì, kì í gbà ju nǹkan bíi 90 kílò lọ, ẹ má sì gbàgbé pé lífítì fúnra ẹ̀ wà nínú 90 yẹn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lífítì tó ń gbé wheelchair oníbátìrì fi máa ń béèrè Class III, oníhò 2 íǹṣì. Mọ́tò tiwa ò ṣeé de ìyẹn mọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tìta parí sí fún wa.

Mo Ṣì Ń Wakọ̀
Èmi gan-an ni mò ń jókòó lórí scooter, èmi náà ni mò ń wa mọ́tò mi, mo lè rìn díẹ̀ tí mo bá rí nǹkan dì mú. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò bi mí nígbà tí mò ń rà á nìyí: tí scooter bá ti wọ búùtù tán, kí lo máa dì mú dé ilẹ̀kùn dírẹ́bà? Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó lọ rìn ín wò ná. Irin orí òrùlé mọ́tò ni mò ń dì mú, mọ́tò tí ò nírú ẹ̀ ò lè ṣe fún mi bó ti wù kí lífítì ẹ̀ dáa tó.

Tinú búùtù ni mo rà, apá irin kan ló ń nà jáde tó ń fi bẹ́líìtì gbé scooter sókè. Èyí tí owó ẹ̀ kéré, bọ́tìnnì kàn ń gbé e sókè sódò ni, ọwọ́ ẹ lo máa fi yí i wọlé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò sí wàhálà, àmọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ẹ́, ẹrù yẹn á máa fà lọ síbi tó rẹlẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ranlẹ̀ bíi tèmi, ó lè gbá a lulẹ̀. Mo fowó lé e, mo gba èyí tó ń fúnra ẹ̀ yí. Búùtù ti tán nìyẹn o, ìjókòó ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù ń wà báyìí.

Ọmọ Rìwáyà
Ẹ jẹ́ n sọ tiná. 12 volt ara mọ́tò ni lífítì ń lò, orí bátìrì ni wáyà ẹ̀ ti ń wá, fíùsì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Oníbàárà kan gbé mọ́tò wá, ó ní lífítì òun ń gbéra bí ẹni tó ń tòògbé, wáyà tín-ín-rín ni ẹni tó bá a so ó lò, iná ti ń tán lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé tí iná bá lọ pátá, kí la máa fi sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀? Èyí tó dáa máa ń ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, ẹ ní kí wọ́n yí i lójú yín.

Tìta náà lè bo iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà mọ́tò, kámẹ́rà ẹ̀yìn ò ní rí nǹkan míì ju kẹ̀kẹ́ lọ. Kẹ́ ẹ sì ra ìbòrí mọ́ ọn, òjò àti eruku títì ò mojú bátìrì.

Ìyá Ọmọ Kan
Tiwa yàtọ̀, ọmọ mi kì í kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀sì la rà, lífítì ẹ̀ ń gbé òun àti kẹ̀kẹ́ wọlé pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn, èyí tó ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, kẹ̀kẹ́ lásán ló wà fún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹ̀, mo ti rí ẹni tó ń ṣe é, àyà mi já. Ẹ̀yìn la fi lífítì wa sí, torí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó bá páàkì tì yín ti tì yín mọ́ta nìyẹn. Ẹ wọn ọmọ láti ilẹ̀ dé àtàrí nígbà tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ fi wé ẹnu ilẹ̀kùn, ọmọ sì ń ga sí i o. Nínú mọ́tò, bẹ́líìtì mẹ́rin ló ń de kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, iwájú méjì ẹ̀yìn méjì, irin ara kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́, kì í ṣe táyà, tèèyàn sì wà lọ́tọ̀. Ẹ wo ìwé kẹ̀kẹ́ yín bóyá wọ́n kọ ISO 7176-19 sí i, ìyẹn ló ń fi hàn pé wọ́n ti dán an wò fún ẹni tó máa jókòó lórí ẹ̀ nínú mọ́tò tó ń lọ.

Ìyàwó Sójà
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti wọ̀n ọ́n, tòun ti bátìrì 118 kílò ni, Class I ló sì wà lẹ́yìn mọ́tò wa, tìta ti lọ nìyẹn. Ti búùtù la ń wò báyìí, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ṣeé ká wálẹ̀, ó gba ẹnu búùtù wọlé. Mo ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kẹ̀kẹ́ tiwa gan-an ló máa gbé níṣojú mi kí n tó sanwó, ó fajú ro díẹ̀, ìyẹn ò kàn mí. Ọkọ mi ní òun fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra òun, ọwọ́ òsì nìkan ló sì lágbára. Ọmọ Rìwáyà, ṣé wọ́n máa ń pààrọ̀ rìmóòtì tí wọ́n fi ń darí lífítì sí èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi?

Ọmọ Rìwáyà
Àwọn kan ń ṣe é, mà, ẹ béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èmi á ní kẹ́ ẹ gba èyí tó ní wáyà, tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ara lífítì náà ló máa rọ̀ sí, wọn ò ní máa bẹ̀rẹ̀ wá a nílẹ̀.