Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé Màámi á lè gun Cordes-sur-Ciel?

Àdùnní Peckham
Ẹ kú ilé o. Èmi àti Màámi ń lọ sí Toulouse ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lóṣù keje, ọjọ́ mẹ́rin péré. Mo rí fọ́tò Cordes-sur-Ciel, ìlú àtijọ́ kan lórí òkè, tí kùrukùru bo gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, èmi náà ò sì mọ ọkọ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé ká lọ?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé ní Toulouse. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí ibùdó Cordes-Vindrac, bíi wákàtí kan. Ibi tí wàhálà wà nìyí: ibùdó yẹn fi bíi kìlómítà 5 jìn sí ìlú, kò sì sí ọ̀kadà tó ń dúró de èèyàn o! Ẹ ti bá onítakisí sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Lẹ́sẹ̀ òkè, ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ṣe bíi rélùwéè, àmọ́ táyà ló fi ń rìn. Òun ni kó gbé Màmá gòkè. Òun náà ni kó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Èmi sọ pé ìsọ̀kalẹ̀ ò níṣẹ́ nínú, òjò ti pa òkúta ojú ọ̀nà, ìdí ni mo fi balẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Bàbá Ìbejì
Èmi ò ní gbé ìyá olórúnkún lọ sórí òkè nítorí fọ́tò. Ẹ mú wọn lọ sí ìlú Albi. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà Sainte-Cécile, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1282, ẹ máa rò pé odi ogun ni. Ilé tí wọ́n kó àwọn àwòrán Toulouse-Lautrec, ayàwòrán ará Faransé, sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Bàbá, Albi dáa, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ti Cordes. Raymond VII, Kọ́ńtì (ìjòyè tó ń ṣàkóso) Toulouse, ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1222, nígbà tí ogun ẹ̀sìn ń jà lágbègbè yẹn. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò aṣọ àti awọ lówó lọ́wọ́, wọ́n wá fi òkúta kọ́lé bí ààfin. Tẹ́ ẹ bá dé Maison du Grand Veneur, ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn, ẹ dúró ní òdìkejì ọ̀nà kẹ́ ẹ gbójú sókè: ọdẹ, ajá àti ehoro ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Kànga kan sì wà lábẹ́ òrùlé ọjà tó jìn ju 100 mítà lọ. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wo ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Àdùnní, kùrukùru inú fọ́tò yẹn, àárọ̀ ìgbà ìwọ́wé ló pọ̀ jù. Ẹ má retí rẹ̀ lóṣù keje.

Ìyá Ẹlẹ́wà
Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń nájà lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ ra croquant, bisikíìtì álímọ́ńdì wọn. Ó le díẹ̀, kí Màmá rì í sínú tíì. Ní nǹkan bí ọjọ́ 14 oṣù keje, wọ́n máa ń ṣọdún, wọ́n á múra bí ará àtijọ́. Ó dùn-ún wò, àmọ́ èrò á pọ̀ jù fún ẹni tí orúnkún ń dà láàmú.

Àdùnní Peckham
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo kà á fún Màámi. Wọ́n ní ta ló sọ pé àwọn ò lè gòkè, ṣé àwọn ò gun Olúmọ ni? (Ọdún 1974 nìyẹn o.) Fráìdè ni Albi, Sátidé ni Cordes. Ẹni tó bá mọ onítakisí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lápá ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó.