Owó ìrànwọ́ fún àpérò ààbò níbi iṣẹ́: ibi tí ìwé ìbéèrè ti ń kú

Ará Kútọ̀
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀wé béèrè owó láti fi ṣe àpérò ààbò níbi iṣẹ́, àpérò kì í ṣe ìnáwó. Sísọ ọ́ di ìnáwó ló ń pa ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ní Abẹ́òkúta yìí. Wọ́n á kọ oúnjẹ sí i, wọ́n á kọ báàgì tí fọ́tò alága wà lára rẹ̀, wọ́n á tún kọ owó ìmọrírì fún àlejò pàtàkì. Ohun tí ẹni tó fẹ́ fúnni lówó ń wá ni: ta ló máa jókòó nínú gbọ̀ngàn, kí ni wọ́n máa ṣe yàtọ̀ tí wọ́n bá padà síbi iṣẹ́, èló ló sì ń lọ lórí ẹnì kan.

Ẹ pín ìṣirò yín sí méjì: èyí tó ń tẹ̀lé iye èrò, àti èyí tí kì í tẹ̀lé e. Ká ní èrò 80 ló ń bọ̀ fún ọjọ́ 2. Ìwé ìléwọ́ jẹ́ 80, omi àti owó ọkọ̀ jẹ́ 160. Gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti dísù jẹnẹrétọ̀ kò ní dín kù bí èrò tiẹ̀ dín kù. Bí wọ́n bá gé owó yín sí ìdajì, ẹ ó ti mọ èyí tó ṣeé yọ. Ẹ má kan kọ "dísù" sílẹ̀ lásán o. Lítà mélòó ni jẹnẹrétọ̀ ń mu ní wákàtí kan, wákàtí mélòó lẹ máa tàn án? Kí ẹni tó ni gbọ̀ngàn sì kọ ọjọ́ tí iye tó pè máa parí sínú ìwé rẹ̀, nítorí owó ọdún yìí kọ́ ni wọ́n máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ará Àlàbàtà
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ní ti owó Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn ń béèrè, NIOSH, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́, tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀ níbẹ̀, ló ti ń fún àpérò ní irú owó tí wọ́n ń pè ní R13. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń béèrè fún un. A ò lè jókòó sí Abẹ́òkúta ká fi orúkọ ara wa béèrè. Ọ̀nà tó ṣí ni kí ẹni tó ń ṣètò àpérò lọ́hùn-ún kọ owó ìrìnàjò yín, gẹ́gẹ́ bí olùbánisọ̀rọ̀, sínú ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ tètè bá a sọ ọ́, ó kéré tán ọdún kan ṣáájú.

Nọ́ńbà UEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí olùbéèrè ń gbà ní SAM.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó, olè ni. R13 kì í san oúnjẹ, kì í sì í san owó àbójútó ilé-iṣẹ́. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra yín: òfin wọn ní kí owó ìjọba wọn gbéni lórí ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà níbi tó bá ti wà. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú láti ilé-iṣẹ́ mìíràn lè di gbèsè sí yín lọ́rùn.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, bíi FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, ní ọ̀nà tó sún mọ́lé jù: owó TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, fún lílọ sí àpérò. Ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò àpérò náà pé wọ́n ti gba iṣẹ́ yín wọlé.

Ará Ìtòkú
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rẹ aṣọ láró kún un, bó bá jẹ́ tìtorí wọn lẹ ṣe ń ṣe àpérò. "Ìlera òṣìṣẹ́ ṣe pàtàkì" kì í gbowó. Ẹ kọ ewu náà bó ṣe rí. Kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, ìyẹn ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi, ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò nísinsìnyí. Bí wọ́n bá da omi lé sódà lórí, ó máa hó lójijì, á sì ta síni lójú. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ agbada, sódà á tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Hydrosulphite tí òjò kán sí nínú àpò máa ń gbóná fúnra rẹ̀, á sì máa rú èéfín tó ń fúnni lọ́fun.

Ẹ wá kọ ìfihàn rẹ̀ sínú ètò: agbada, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, awò tó ń dáàbò bo ojú, àti omi mímọ́ tó tó fi ṣan ojú fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán. Nínú àga 80 yẹn, ẹ fi 30 sílẹ̀ fún àwọn aláró fúnra wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn kì í rẹ aṣọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àga òfìfo lẹ máa yà ní fọ́tò.

Ará Kútọ̀
Òótọ́ ni. Ó ku ọ̀rọ̀ rìsíìtì owó ọkọ̀ tí ẹ fún àwọn èrò. Ọlọ́kadà kì í já rìsíìtì fúnni. Ẹ ṣe ìwé kan tí èèyàn máa kọ orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti wá àti iye tó gbà sí, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Lẹ́nu ọ̀nà ni kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó jókòó.