Kí ló tún dé nínú «Olùkọ́túndé»?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe Mẹ̀tẹ́yà, ìyẹn Búdà tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń retí lọ́jọ́ iwájú, ní «Olùkọ́túndé». Èèyàn mẹ́rin ti kan sáárá sí wọn kí n tó ka lẹ́tà náà tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kí èmi tó di ẹni tí ń mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pa ẹnu mọ́ lórí «tún» yẹn.

Nínú Babátúndé, baba ló lọ, baba náà ló sì padà wá. Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a sin ìyá tó bí ìyá bàbá mi. Ìyá bàbá mi, tí orúnkún ti ń dùn, kúnlẹ̀ síwájú ọmọ ọjọ́ kan, wọ́n ní «Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn», nítorí ìyá wọn ni wọ́n rí. Ohun tí «tún dé» ń ṣe nìyẹn lẹ́nu Yorùbá. Bí a bá wá ní Olùkọ́ tún dé, etí wa yóò gbọ́ pé Gótámà, ìyẹn Búdà tó kọ́ni ní Íńdíà láyé àtijọ́, ló gbé awọ mìíràn wọ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí Gótámà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ni bí òun yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ àtúnbí. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ wọn ni pé nígbà tó kú, ó parí nìyẹn, kò tún ní wáyé mọ́. Ṣé «túndé» ni a ó wá fi san án lẹ́san?

Nínú ìwàásù kan tó wà nínú àkójọ Digha Nikaya ní èdè Páálì, Búdà fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà. Ó ní ẹ̀mí ènìyàn yóò máa kúrú nítorí ìwàkiwà títí yóò fi di ọdún 10 péré, àwọn ènìyàn yóò wá ronú, wọn yóò máa tún ìwà ṣe, ẹ̀mí yóò sì máa gùn sí i láti ìran dé ìran títí yóò fi di ọdún 80,000. Nígbà náà, ọmọbìnrin yóò pé ẹni 500 ọdún kí ó tó tó ilé ọkọ (kí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ yọ ọmọ wọn lẹ́nu gbọ́ o), àìsàn kò sì ní ju mẹ́ta lọ: ìfẹ́-ọkàn, ebi àti ogbó. Ọba Sankha yóò wà lórí ìtẹ́ ní Ketumati, ìlú tí wọ́n ń pè ní Baranasi nígbà tí Búdà ń sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni Mẹ̀tẹ́yà yóò dé, tí yóò máa darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí Búdà ti ń darí ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́jọ́ tó ń sọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo «gẹ́gẹ́ bí» yẹn dáadáa. Ẹni méjì ni a ń fi wé ara wọn.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin ti dáhùn pé Ọlátúndé ńkọ́, pé ọlá tó tún dé kò ní láti jẹ́ ọlá àná gan-an. Òdodo ni. Ó fi kún un pé Gótámà kọ́ ni Búdà àkọ́kọ́: àwọn ìwé Páálì ka Kakusandha, Konagamana àti Kassapa ṣáájú rẹ̀ ní sáà ayé tiwa yìí, kí Mẹ̀tẹ́yà tó ṣe ìkarùn-ún. Òdodo nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí ọlá jẹ́. Ènìyàn ni, ọ̀dọ̀ baba ló máa ń lọ jókòó sí nínú orúkọ. Akíntúndé nìkan ló ń dà mí láàmú, nítorí «akin» lè jẹ́ ẹni, ó sì lè jẹ́ ìwà, n kò sì tíì rí ẹni tó yanjú rẹ̀ fún mi.

Ọlátúndé yìí gan-an ló sì ṣí mi lójú. Mẹ̀tẹ́yà kò ní dé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kọ́ Gótámà bá ṣì wà láyé. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà bá ti parẹ́ pátápátá, tí kò sí ẹni tó rántí rẹ̀, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá, yóò sì tún un rí fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ló lọ, ẹ̀kọ́ ló padà. Nítorí náà, bí a kò bá lè fi «tún» sílẹ̀, «Ẹ̀kọ́túndé» ni kí a wí. Bí ènìyàn ṣe ń jẹ́ Ọlátúndé láìjẹ́ pé òun ni ọlá, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jẹ́ Ẹ̀kọ́túndé. Mo mọ̀ pé àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò sọ ọ́ di ẹ̀kọ tàbí Èkó. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn.

«Olùgbàlà Ọ̀la» tí ẹnì kan kọ kò tó nǹkan tí à ń jiyàn lé lórí; ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé e wá, Búdà kì í sì í gba ẹnikẹ́ni là, ọ̀nà ló ń fi hàn. «Ajíǹde» súnmọ́ ọn díẹ̀, torí pé ẹni tó jí ni «Búdà» túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní ronú ọdún Àjíǹde? Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ jíjí kò sí nínú orúkọ Mẹ̀tẹ́yà rárá. Maitreya ní èdè Sáńsíkírítì wá láti ara «maitri», inú rere irú èyí tó wà láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Àwọn ará Tìbẹ́ẹ̀tì túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, wọ́n ń pè é ní Jampa, ìyẹn ìfẹ́. Àwọn ará Ṣáínà túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Mile, tó jẹ́ ìró orúkọ náà, ló dúró lẹ́nu aráàlú. Xuanzang, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Ṣáínà tó ru ìwé dé láti Íńdíà ní ọdún 645, tó sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n bí òun sí ọ̀run Tusita níbi tí Mẹ̀tẹ́yà ti ń dúró, ni wọ́n sọ pé ó fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ púpọ̀, tàbí orúkọ ohun tí kò sí nílẹ̀ wa. Àwọn baba wa náà mọ èyí: «wòlíì» àti «àlùfáà» tó wà nínú Bíbélì 1884 kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Crowther ṣẹ̀dá, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ló ti rí wọn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Mẹ̀tẹ́yà jẹ́ orúkọ, kí Ẹ̀kọ́túndé sì jẹ́ oríkì. Ẹ̀rù kan ń bà mí níbẹ̀, pé Mẹ̀tẹ́yà jọ Mèsáyà létí, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ sì lè rò pé ìbejì ni wọ́n. Ẹ̀kọ́túndé kò sì ní inú rere kankan nínú. Mo gbà.

Ní ti ère ọkùnrin oníkùn ńlá tí ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀gbọ́n wa rí ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n sì pè ní Gótámà, Budai ni, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Ṣáínà kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé Mẹ̀tẹ́yà ló fi ara hàn nínú rẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ Mẹ̀tẹ́yà ńlá sára àpáta ní Leshan láàárín ọdún 713 sí 803 kò fún un ní ikùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un jókòó ní gíga mítà 71, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé ará Èkìtì bíi tèmi kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tún Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi àmì sórí orúkọ tí ẹ fi buwọ́ lu lẹ́tà yín.