Báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti mọ fáàtì yàtọ̀ sí èrò òǹkọ̀wé?

Tíṣà JSS 1: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fún àwọn ọmọ mi ní àkàyé lórí Cocoa House n'Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n fàlà sábẹ́ èyí tó bá jẹ́ fáàtì, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n fàlà sí, wọ́n ní ṣebí inú ìwé ló wà. Mo wá ní tí wọ́n bá ti rí "jù lọ" tàbí "ó yẹ kí", èrò ni. Ìyẹn tún wá dá wàhálà míì sílẹ̀, ọmọ kan ní "Cocoa House ga ju Gbọ̀ngàn Mápó lọ" èrò ni, torí "ju" wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àgbà Tíṣà: Ẹ fi ọ̀rọ̀ "jù lọ" yẹn sílẹ̀, ó máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà gan-an. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn ni pé báwo la ṣe máa yẹ eléyìí wò? Gíga ilé ṣeé wọ̀n, àjà ẹ̀ ṣeé kà, 26 ni, ọdún tí wọ́n parí ẹ̀ náà wà lákọọ́lẹ̀, 1965. Àmọ́ tẹ́nì kan bá ní ó rẹwà ju Mápó lọ, kí la máa fi wọn ìyẹn? Àwọn òpó Mápó yẹn lèmi fẹ́ràn ní tèmi.

Ìyá Títí: Òótọ́ lẹ sọ sà. Ẹ tún kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé "1975 ni wọ́n parí Cocoa House", kẹ́ ẹ wá bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ á ní èrò ni torí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Rárá o! Ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò ni, a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé irọ́ ni. Ibí yìí ló ká mi lára jù, torí báwọn àgbàlagbà ṣe ń pín irọ́ lórí WhatsApp nìyẹn, tí wọ́n bá ti mú wọn, wọ́n á ní "èrò tèmi nìyẹn".

Ọmọ Ògùnpa: Èyí tó ń dà wọ́n láàmú jù ni gbólóhùn tí méjèèjì wà pọ̀ nínú ẹ̀, bíi "Owó kòkó wà lára owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá máa fi yangàn." Mo máa ń ní kí wọ́n fi bírò pín in sí méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé èrò ò wúlò o, ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹni tó kọ ọ́ rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà JSS 1: Ẹ ṣé gan-an ni. Màá fi àyọkà lórí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859 dán an wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bírò aláwọ̀ méjì ni màá ní kí wọ́n mú wá.